Ilé Baálẹ̀ Ló Ń Gbà Kẹ́yìn

Inú máa ń bí mi tí wọ́n bá ń yin bàbá mi lójú mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Gbogbo Sátidé ni ọkùnrin awakọ̀ takisí kan máa ń gun òkè Highbridge wá sí ilé mi ní Bronx lókè òkun níbí, níbi tí bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Á gbé àpò ìrẹsì kalẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi sórí kápẹ́ẹ̀tì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, á ní, "Baálẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbà mí là." Èmi á wọ kíṣìnnì lọ, màá máa fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Erékùṣù kan ní ìpẹ̀kun omi Ìlàjẹ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ló kó àwọn èèyàn wa débẹ̀ nígbà tí òkun gba abúlé wọn àtijọ́, òun ni wọ́n sì fi ṣe Baálẹ̀ àkọ́kọ́. Kò sí ọ̀nà, kò sí ilé ìwòsàn. Ẹja, atẹ́gùn àti ẹ̀fọn la ní. Òfin tí bàbá mi fi lélẹ̀ ni pé ohunkóhun tí wọ́n bá pín, ilé Baálẹ̀ ló ń gbà kẹ́yìn. Á ní, "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé." Orí ẹja lásán là ń jẹ. Èmi òmùgọ̀, mo tún ń fi yangàn láàárín ẹgbẹ́ mi! Mo ń ṣe bí ọmọ ọba, eegun ẹja ń há mi lọ́fun.

Lọ́dún kan, onígbáméjì wọ ìlú. Àwọn ọmọdé ń bì, wọ́n ń yàgbẹ́ bí omi. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo la ní tó lè gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú, kékeré sì ni. Àbúrò mi ọkùnrin wà lára àwọn tó ń ṣàìsàn. Màmá mi ti gbé e dé etí omi, ó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ ọkọ̀, ni bàbá mi bá fà á lápá. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ àwọn ará ìlú, tí ọkọ̀ bá padà, tiwa á lọ. Màmá mi figbe ta: "Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn! Baálẹ̀, ọmọ yín nìyí!" Bàbá mi ní kí wọ́n tú okùn. Kí ọkọ̀ tó padà, àbúrò mi ti kú sórí ẹsẹ̀ màmá mi.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe o. Wọ́n kọrin ìyìn yí ilé wa ká, pé a ní olórí. Orin! Màmá mi kò bá bàbá mi jẹun nínú ìkòkò kan náà mọ́ títí ó fi kú. Awakọ̀ takisí yìí sì wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n gbé lọ. Lọ́kàn tèmi, òun ló jókòó sí àyè àbúrò mi. Ọmọlúàbí ni, kò ṣẹ̀ mí, síbẹ̀ mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń fi ìpara pa bàbá mi lẹ́sẹ̀ kí n tó lọ wọ bọ́ọ̀sì, ló bá bọ́ lẹ́nu mi.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí àbúrò mi wọ ọkọ̀?"

"Ọkọ̀ ìlú ni."

"Ọmọ ńkọ́? Ọmọ ta ni?"

"Àyè ọmọ kan ṣì kù nínú ọkọ̀ náà," ló wí. "Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ń wò mí."

Háà! Àyè kù! Ọmọ ọlọ́mọ ni mo ti ń bínú sí láti ọjọ́ yìí. Mo wọ̀ ọ́ ní ìbọ̀sẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo sì sunkún títí dé ibi iṣẹ́. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Èmi náà ni màá sì wẹ bàbá mi lọ́la.