Ọmọ Idẹ Tó Wà Nísàlẹ̀ Omi

Ẹ má pe Ọmọ́yẹlé ní Ìyá Ìjọ o. Bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀, á sorí kodò, á ní ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ pe òun lórúkọ òun. Àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti Igbókọ̀dá máa ń rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ìrẹ̀lẹ̀ kẹ̀! Ìtìjú ni. Èmi Bàdírátù, tí pákó ilé mi kan pákó ilé rẹ̀ lórí omi níhìn-ín, tí mò ń ta púpurú tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti kẹrosíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọge, mo mọ̀. Mùsùlùmí ni mí, n kì í bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ohun tó bá ṣojú mi, ó ṣojú mi.

Ẹja ni Ọmọ́yẹlé ń yan tà, àmọ́ iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù ni ti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó wà lẹ́yìn ilé wa. Òun ló ń gbá a, òun ló ń pọn omi àdúrà, òun ló ń tan àbẹ́là, òun náà ló ń lu agogo ìdájí tí kì í jẹ́ kí n sùn. Ẹsẹ̀ lásán ni ó fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí wọn kì í wọ bàtà níbẹ̀. Látìgbà tí Ìyá Ìjọ wọn àtijọ́ ti kú, ipò yẹn ló ń wù ú. Kò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà.

Lọ́dún tí òkun kó àwọn ilé kan lọ ní ìhà Ugbónlà, Godspower ọmọ rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ da àwọ̀n, wọ́n bá ọkùnrin kan tó dì mọ́ àgbá lójú omi. Ọmọ Íńdíà ni, Mohan lorúkọ rẹ̀. Oúnjẹ ló ń sè nínú ọkọ̀ kékeré kan tó dojú dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, kò lè rìn jìnnà, ìwé ìrìnnà rẹ̀ sì ti bómi lọ, ni àwọn tó gbà á síṣẹ́ bá ní kó ní sùúrù kí àwọn fi wá òmíràn. Ilé Ọmọ́yẹlé ló wọ̀ sí. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ìtọ́jú tí obìnrin yìí ṣe! Ó ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ó ń se ọbẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí Mohan kì í jẹ ẹja. Ní Ìlàjẹ! Mo ní kí ló wá fẹ́ máa jẹ, pákó ilé ni? Kò pẹ́ tí Mohan náà fi ń pè é ní Ìye, bí àwa Ìlàjẹ ṣe ń pe ìyá.

Ohun kan ṣoṣo tí òkun ò gbà lọ́wọ́ Mohan ni ère idẹ kékeré kan, kò ju àtàǹpàkò lọ, tó fi okùn so mọ́rùn. Ọmọ ọwọ́ tó ń rákòrò ni ère náà. Ìyá rẹ̀ ló so ó mọ́ ọn lọ́rùn lọ́jọ́ tó ń kúrò nílé. Ó ní Kírísínà ni, Ọlọ́run tó wá sáyé bí ọmọ ènìyàn.

Ní ìdájí, Mohan á wọ́ ẹsẹ̀ lọ sétí omi, á wẹ̀. Á bọ́ bàtà, á tan iná kékeré nínú ìdérí agolo, á fi ṣíbí lu kọ́ọ̀pù kó dún bí agogo, á sun tùràrí tó tọrọ lọ́wọ́ Ọmọ́yẹlé fúnra rẹ̀, á gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ síwájú ọmọ idẹ. Tó bá ṣe tán, á pín ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà fún wa. Lásìkò kan náà, Ọmọ́yẹlé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì: ó ti wẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó tan àbẹ́là, ó ń lu agogo, èso wà lórí pẹpẹ. Èmi wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Mo ní, “Ọmọ́yẹlé, ìjọ yín ti ní ẹ̀ka tuntun o! Ẹ̀ka ẹ̀yìnkùlé.”

Inú bí i. Ó ní, “Bàdí, ẹnu rẹ ni yóò pa ọ́. Ti Ọlọ́run ni tiwa. Òrìṣà ni tirẹ̀.”

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kan, Mohan sọ ìtàn ọmọ náà fún wa lédè Gẹ̀ẹ́sì, Godspower ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ọba burúkú kan gbọ́ pé wọ́n máa bí ọmọ tí yóò gba ìjọba òun, ló bá ń pa àwọn ọmọ ìkókó. Bí wọ́n ṣe bí ọmọ yìí, bàbá rẹ̀ gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e rù, ó wọ odò nígbà tí odò kún àkúnya. Omi ń ga sókè títí ó fi kan ẹsẹ̀ ọmọ náà. Bó ṣe kàn án, ó fà sẹ́yìn, bàbá rẹ̀ sì kọjá.  Ta ni nínú wa tí kò tíì gbé ọmọ lérí rí nígbà tí omi bá ya wọlé?

Ọmọ́yẹlé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Hẹ́rọ́dù nìyẹn! Wọ́n jí ìtàn wa.”

Tíṣà Kọ́lájọ, akọ̀wé ìjọ wọn, mirí. Ó ní òun ti kà nípa rẹ̀. Ó ní àwọn kan sọ pé ọ̀kan yá ìtàn lọ́wọ́ èkejì, àwọn kan ní àwọn oníṣòwò ló ń gbé e kiri lórí òkun láyé àtijọ́, àwọn Kristẹni Íńdíà pàápàá gbà pé Tọ́másì ọmọ ẹ̀yìn Jésù dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ó ní orúkọ Kírísítì àti Kírísínà tún fẹ́ jọra, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. “Kò sẹ́ni tó rí ọkọ̀ tó kó ìtàn yìí,” ni Tíṣà wí. Mohan rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá àgbà òun máa ń sọ pé odò kan ni, ebúté rẹ̀ ló pọ̀.

Ọmọ́yẹlé ò rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí òun bá lè yí ọkùnrin yìí padà, ta ni yóò du oyè Ìyá Ìjọ mọ́ òun lọ́wọ́? Ó ní kí Godspower bi í bóyá ó máa ṣe ìrìbọmi. Mohan ní kí ló dé tí òun ò ní ṣe é? Nílé àwọn, tayọ̀tayọ̀ ni ènìyàn fi ń wọ odò mímọ́. Ọjọ́ tí wọ́n rì í bọmi, tí wọ́n wọ sùtánà funfun fún un, orin ta, ijó ta, èmi Mùsùlùmí pàápàá jó. Bàbá Àpọ́sítélì, olórí ìjọ, gba ojú ọ̀nà omi wá láti Òde Mahin, ó ní Olúwa ti fi abọ̀rìṣà kan lé Ọmọ́yẹlé lọ́wọ́, nítorí náà ní Àìkú kejì, òun yóò fi òróró yàn án ní Ìyá Ìjọ. Ilẹ̀ ò gba Ọmọ́yẹlé mọ́.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì. Mohan wẹ̀, ó tan iná, ó lu kọ́ọ̀pù. Ọmọ idẹ wà níbẹ̀, àwòrán Màríà tó gbé Jésù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé òdòdó omi sí ọrùn àwọn méjèèjì. Ó rẹ́rìn-ín sí Ọmọ́yẹlé, ó ní, “Ìye, ọmọ tìrẹ, ọmọ tèmi.” Yéè! Ojú obìnrin yìí pọ́n kankan. Mò ń da omi nù lójú fèrèsé nígbà tí Mohan wọlé lọ mú aṣọ. Mo rí i. Ọmọ́yẹlé mú ọmọ idẹ náà, ó jù ú sómi.

Nígbà tí Mohan ń wá a kiri, Ọmọ́yẹlé sọ fún un pé àlàfo pákó ló gbà já bọ́, pé omi ti gbé e lọ. Mohan sì gbà á gbọ́. Bí omi bá ti fà, á sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ríro yẹn, á máa fọwọ́ wá a. Ó tún wá ní kí Ìye gbàdúrà fún òun. Ọmọ́yẹlé kúnlẹ̀, ó dijú, ó ní, “Olúwa, jẹ́ kí ohun tó sọnù di rírí.” Mohan ṣe àmín. Èmi tí mo mọ ẹni tó jù ú, mi ò mọ ibi tí mo máa fojú sí.

Mo bá a nídìí ẹja. Mo ní, “Ọmọ́yẹlé, mo rí ọ.”

Ẹja bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Bàdí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Jẹ́ kí ọjọ́ Àìkú kọjá. Bí Bàbá bá gbọ́ pé Mohan ti padà sídìí ère, ojú á tì mí.”

“Ojú á tì ọ́? Ojú wo ló kù tí kò tíì tì ọ́? Ohun tí ìyá so mọ́ ọmọ lọ́rùn, tí òkun ò gbà, ìwọ lo wá gbà á! Sọ fún Mohan kó tó lọ. Bó ò bá sọ ọ́, ọ̀rẹ́ wa parí.”

Ọjọ́ Àìkú náà pé. Ọkọ̀ tó máa gbé Mohan lọ sí Igbókọ̀dá ti so mọ́ òpó nísàlẹ̀, ìwé rẹ̀ ti dé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láti mọ̀ bóyá Ọmọ́yẹlé máa sọ ọ́. Òróró ti wà lọ́wọ́ Bàbá Àpọ́sítélì nígbà tí Mohan dìde, tó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Godspower túmọ̀ rẹ̀.

Ó ní nílé àwọn, bí ère bá gbó, orin ni wọ́n fi ń gbé e fún omi. Ó ní ti òun ò gbó, ṣùgbọ́n bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ló parí. Ìyá òun so ó mọ́ òun lọ́rùn kó lè mú òun dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò ṣe ìyá fún òun. Ó ti mú òun dé ọ̀dọ̀ Ìye, ó sì ti lọ. “Ìye, mo rí ẹkún lójú rẹ nígbà tí à ń wá a. Má jẹ́ kó dùn ọ́ mọ́.” Ló bá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Ọmọ́yẹlé méjèèjì, ó fi ọwọ́ náà kan orí ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ìyá nílé wọn.

Ikú yá ju ẹ̀sín, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ọmọ́yẹlé ṣubú lulẹ̀. Ó fa fìlà funfun yọ lórí. Ó kígbe, “Èmi ni! Èmi ni mo jù ú sómi! Nítorí oyè ni! Godspower, sọ fún un!”

 Bàbá Àpọ́sítélì gbé òróró sílẹ̀, kò fi yàn án mọ́. Mohan ń wo ẹnu Godspower, ó ń béèrè pé kí ni Ìye wí. Godspower wo ìyá rẹ̀ nílẹ̀, ó wo ọkùnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà yọ nínú òkun. Ó ní, “Ìye ní kí o lọ ire, kí o bọ̀ ire.”

Gẹ̀ẹ́sì tí Ọmọ́yẹlé gbọ́ ò pọ̀, àmọ́ ó tó láti mọ̀ pé irọ́ ni. Tíṣà Kọ́lájọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju gbogbo wọn lọ, ilẹ̀ ló ń wò. Gbogbo ìjọ ló gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà, àfi ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Wọ́n gbé Mohan wọ ọkọ̀, ó ń juwọ́ sí wa títí ọkọ̀ fi yà.

Látìgbà náà, bí omi bá ti fà, Ọmọ́yẹlé á ká ìró, á sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ wá ọmọ idẹ náà kiri. Ẹnu mi yìí, tí kì í sinmi, kò lè fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní Kérésì tó kọjá, Mohan pè lórí fóònù Godspower, ìpè tí a ti ń rí ojú ara ẹni. Ó ti sanra. Ó fa ìyá arúgbó kan sójú fóònù, ìyá tó bí i. Ìyá náà pa àtẹ́wọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ó ń tẹrí ba fún Ọmọ́yẹlé, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mohan ní ìyá òun ń dúpẹ́ pé Ìye bá a tọ́jú ọmọ rẹ̀.

Ọmọ́yẹlé di apá ọmọ rẹ̀ mú. Ó ní, “Godspower, mo bẹ̀ ọ́, sọ fún wọn.”

Godspower ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lọ. Mo ń wo ìyá náà nínú fóònù, tó ṣì pàtẹ́wọ́ pọ̀, tó ń dúró de ohun tí Ọmọ́yẹlé máa wí.