Omi Dongoyaro Lórí Òdòdó Igbó

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò gbin ohunkóhun rí láyé rẹ̀, kódà kò gbin ata inú ìkòkò, kó tó di pé ó gbin igbó. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, alàgbà sì ni nínú ìjọ aláṣọ funfun tí à ń lọ ní Woolwich. Kì í mutí, kì í fa sìgá. Yàrá kékeré tó wà lókè nílé wọn ní Thamesmead, níbi tí àwọn ọmọ wọn ń sùn kí wọ́n tó kó lọ sílé tiwọn, ibẹ̀ ló pa àgọ́ dúdú kan sí. Ó gbé iná ńlá kọ́ sínú rẹ̀, ó sì gbin igi mẹ́rin.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá a lẹ́jọ́, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó fà á. Àìsàn jẹjẹrẹ ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi, ìtọ́jú tí wọ́n sì ń fún un nílé ìwòsàn ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Oríṣi òògùn mẹ́ta ni wọ́n fún un kó má baà máa bì, kò sí èyí tó ràn án lọ́wọ́. Obìnrin tó máa ń fi ìka nu àwo ọbẹ̀ wá di ẹni tí òórùn ìrẹsì lásán ń mú sáré lọ sí ilé ìwẹ̀. Nígbà tó yá, kò lè sáré mọ́, a wá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀ fún un ní bọ́tà nínú ife kékeré, ó ní igbó ni wọ́n sè mọ́ ọn, kó fi díẹ̀ ra búrẹ́dì lára fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìfura. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi ní ṣé mọ́ínmọ́ín ò sí nílé. Ó jẹ odidi kan, ó tún bu ìdajì èkejì. Bọ̀dá mi, bí mo ṣe ń pe ọkọ rẹ̀ nìyẹn, dìde, ó bọ́ sí ilé ìwẹ̀, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí a má baà gbọ́ ẹkún òun. A gbọ́ ọ.

Bọ́tà yẹn tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó fún wa fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì gbé fóònù mọ́. Bí Bọ̀dá ṣe di àgbẹ̀ nìyẹn.

Èmi fara ya nígbà tí mo rí àgọ́ yẹn. Físà olùtọ́jú arúgbó ni mo fi wọ̀lú, ilé àwọn arúgbó kan nítòsí Plumstead Common ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ ni mo sì ń gbé. Bí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá padà sílé. Mo pariwo rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí, ó ní, "Tí ẹ̀rù bá ń bà ẹ́, lọ find room síbòmíì. Èmi fẹ́ jẹun." Mi ò lọ síbì kankan.

Òórùn igbó yẹn burú. Fèrèsé yàrá náà kì í ṣí, Bọ̀dá ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Tùràrí ni a fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni mò ń sun ún lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, títí obìnrin òyìnbó tó múlé gbè wá fi sọ pé òun fẹ́ràn òórùn àdúrà wa gan-an. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ǹ bá sọ?

Igi yẹn sì ṣe dáadáa, mi ò lè purọ́. Òdòdó rẹ̀ ki, ó lẹ̀ mọ́ra. Ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí a gé e nígbà tí Bọ̀dá ní eruku funfun kan ń bà lórí ewé. Ó nù ún, ó tún padà. Ó pè mí.

"Ìwọ tó o dàgbà lóko, wá bá mi wò ó."

Mo mú gíláàsì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń ka Bíbélì, mo yí ewé kan dà. Kì í ṣe eruku. Abẹ́ ewé kún fún kòkòrò pupa wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń rìn, wọ́n ti mu omi ara rẹ̀ débi pé ojú ewé kún fún tó-tó-tó funfun. Lókè, wọ́n ti ń ta òwú láti òdòdó kan sí èkejì bí aláǹtakùn.

Bọ̀dá jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú fóònù rẹ̀. "Spider mite ni wọ́n ń pè é," ló wí. "Wọ́n ní ká má spray ẹ̀ o, ó ti late jù. Òdòdó ti ki, tómi bá wọ inú ẹ̀, rotten ló máa rotten. Ká máa fọwọ́ nu ewé, ká já èyí tó ti bàjẹ́, ká wá gé gbogbo ẹ̀ ní next week."

Ohun tó sì ń ṣe nìyẹn. Kó tó lọ síbi iṣẹ́, á wọ inú àgọ́ pẹ̀lú òwú tútù, á máa nu ewé kọ̀ọ̀kan, tokè tìsàlẹ̀, bí ẹni ń nujú ọmọ. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń wò ó. Ìyá mi dá oko ẹ̀fọ́ létí odò, èmi ni mo máa ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e. Bí kòkòrò bá wọ tẹ̀tẹ̀, ewé dongoyaro ni wọ́n máa ń sè, wọn á fi ìgbálẹ̀ wọ́n omi rẹ̀ sí ẹ̀fọ́. Kòkòrò á kú. Kí wá ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì máa kọ́ mi?

Mo sì ní dongoyaro. Ewé gbígbẹ kún àpò ọ̀rá kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo gbé e wá láti ilé fún àgbo ibà, mo gbé e wá sí ìlú tí ẹ̀fọn rẹ̀ kì í fúnni ní ibà. Ṣebí bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí Bọ̀dá ti jáde, tí ẹ̀gbọ́n mi sì ń tòògbé nísàlẹ̀, mo sè é títí ó fi dúdú. Mo jẹ́ kó tutù, mo fi gèlè àtijọ́ sẹ́ ẹ, mo rọ ọ́ sínú ike tí mo fi ń fín omi sírun. Mo fín in sí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lókè, lábẹ́, sínú òdòdó pẹ̀lú, títí ó fi ń kán tótó sílẹ̀. Mo pa àgọ́ dé, mo sun tùràrí, mo lọ síbi iṣẹ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bó ti yẹ lọ.

Kòkòrò kú. Ní ọjọ́ kejì, mo fi gíláàsì wò ó, èyí tó ń mira kò tó nǹkan. Mi ò tíì sọ fún Bọ̀dá. Mo fẹ́ kó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu, kí n wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó fọwọ́ kan òdòdó tó tóbi jù, ó já sí i lọ́wọ́. Ó fà á ya. Inú rẹ̀ ti ní àwọ̀ eérú, ó rọ̀ bàjẹ̀, bíi búrẹ́dì tó bu nínú ọ̀rá. Ó tún fa òmíràn ya, bákan náà. Igi mẹ́rin, ohun tó ṣeé ṣà nínú rẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Bọ̀dá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Fèrèsé ni," ló wí. "Èmi ni mo ní ẹ má ṣí fèrèsé. Nítorí òórùn. Ooru ti pọ̀ jù fún wọn níbẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo bá a ṣa ẹ̀kúnwọ́ tó kù. Mi ò dárúkọ dongoyaro.

Bọ̀dá se ẹ̀kúnwọ́ yẹn mọ́ bọ́tà, ó fi ra búrẹ́dì lára, ó gbé e lọ fún ìyàwó rẹ̀. Òun kì í tọ́ ọ wò, nítorí wọ́n máa ń yẹ ara àwọn awakọ̀ wò níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gé e jẹ, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. Kò wo ọkọ rẹ̀, èmi ló ń wò. Ọwọ́ ìyá wa kan náà ló ti dì wá nímú mú ní kékeré, tó da ìkorò yẹn sí wa lọ́fun. Kò sí bó ṣe lè ṣì í mọ̀.

Bọ̀dá lọ bu omi ní kíṣìnì.

"Dongoyaro," ni ẹ̀gbọ́n mi wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni, Sister."

Ó di ojú. Mo rò pé ó máa bú mi, mo tilẹ̀ ń fẹ́ kó bú mi. Ó ní, "Má sọ fún un o. Ó máa lé ẹ jáde, mi ò sì lẹ́lòmíì tó máa wẹ̀ mí."

Ó gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi padà jáde sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò fẹnu kan bọ́tà yẹn mọ́.

Mo wẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i. Lójoojúmọ́ ni ó ń fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ mi ni kí n gbé àwọn arúgbó, mo mọ bí ara ènìyàn ṣe máa ń rí nígbà tí kò bá jẹun, n kò sì lè tan ara mi. Ó ní kí n se mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ kan. Mo sáré lọ ra ẹ̀wà ní Woolwich, mo bó o, mo lọ̀ ọ́, mo gbé e wá pẹ̀lú ooru rẹ̀. Ó wò ó, ó kọjú sí ògiri. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ló kú. Àwọn ará ìjọ wá kọrin, wọ́n ní ó sùn nínú Olúwa.

Bọ̀dá ti tú àgọ́ yẹn palẹ̀. Mo ṣì ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìjọ, kò lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì lè sọ ọ́ níbi iṣẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé igbó wà nílé yẹn rí, nítorí náà èmi nìkan ló lè bá sọ ọ́. Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀. Ká ní òun ṣí fèrèsé ni. Ìyàwó òun ì bá jẹun díẹ̀ kó tó lọ.

Tí mo bá sọ ọ́, mo dalẹ̀ òkú, mo sì pàdánù òrùlé tó wà lórí mi. Mo mọ èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù nínú méjèèjì, kì í ṣe ti òkú.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ nípa oko. Má pet mi. Tell me the truth. Ṣé fèrèsé yẹn ló fà á?"

Mo ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́. Mo dá síbí padà sínú ìkòkò.

"Ó ṣeé ṣe, Bọ̀dá."

Ó mi orí lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn náà ló dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń bi mí nínú ọkàn òun, òun dúpẹ́ pé mi ò tan òun.