Ẹ̀rí Tí Mo Ní Kí Àbúrò Mi Jẹ́

Èmi ni mo dá oògùn àbúrò mi dúró. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí bí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ náà nílé wa, "oògùn ló tán lọ́wọ́ ẹ̀" ni wọ́n máa ń wí, èmi náà á sì dákẹ́.

Télọ̀ ni àbúrò mi, nílùú Òde-Ayé níbí. Nígbà tí àìsàn ọpọlọ kọ́kọ́ mú un, ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ló ń dá lóhùn, ó sì fẹsẹ̀ rìn dé ìlú Àyèká láìwọ bàtà. A gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n fún un ní oògùn àárọ̀ àti ti ọ̀sán, nọ́ọ̀sì sì kìlọ̀ fún wa pé bí ara rẹ̀ bá tiẹ̀ yá, kó má dáwọ́ dúró. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi padà sídìí ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, oorun sì ń kùn ún, ṣùgbọ́n ó ń ránṣọ, ó ń jẹ pupuru, ó tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti sanra jù.

Mo bá ní kó wá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni àkọ́bí; bí mo bá ti sọ̀rọ̀ nílé wa, abẹ gé e. Èmi gan-an ni mo gba ẹ̀rọ agbóhùnjáde lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo ní Ọlọ́run ti wò ó sàn pátápátá. Gbogbo ìjọ jó. Pátápátá yẹn ló bà á jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú oògùn lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n ṣì máa lò ó?"

"Ẹ̀rí tá a jẹ́ lánàá ńkọ́? Ṣé o fẹ́ sọ Ọlọ́run di òpùrọ́ ni?"

Mo gba páálí oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo jù ú sísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Inú mi sì dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Kò tó oṣù méjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ògiri sọ̀rọ̀. Mo rí i, mo sì mọ ohun tí mo rí. Ṣùgbọ́n ojú wo la fẹ́ fi gbé ẹni tó ti jẹ́rìí kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ọsibítù? Mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá tó ti ń ránṣọ mọ́ ọn. Ọjọ́ tó fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ àwọn oníbàárà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó sì gé ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ọn, la tó gbé e padà sí ọsibítù. Ìka rẹ̀ méjì kò ká mọ́ títí dòní. Télọ̀ ni mo pè é o.

Ọmọ àbúrò bàbá wa tó wà ní Kánádà pè láti kí wa. Ó sunkún lórí fóònù. Ó ní òun náà ti dá oògùn àìsàn ọpọlọ tòun dúró rí, nítorí ara òun yá, tí òun kò sì fẹ́ kí wọ́n rí oògùn nínú báàgì òun níbi iṣẹ́. Èmi ti rò pé àwa nìkan la nítìjú yìí. Àṣé ìtìjú náà ní ìwé ìrìnnà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìsìn pẹ́ títí ọ̀sán fi pọ́n. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde. Mo ti pinnu láti lọ ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ ẹ̀rí yẹn, ṣùgbọ́n mi ò dìde. Àbúrò mi wo aago. Ó yọ páálí oògùn lápò, ó feyín ya ọ̀rá omi, ó gbé oògùn ọ̀sán rẹ̀ mì lójú gbogbo ìjọ. Mo nawọ́ kí n bá a di páálí náà mú, kó lè mu omi rẹ̀ tán.

Ó yára fà á sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mọ́ àyà.