Ìwé Àdúrà Tí Mo Kọ Nípa Bùrọ̀dá Mi

Mo ṣì kéré nígbà náà, mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, nígbà tí mo tú àṣírí bùrọ̀dá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ má kọ́kọ́ bínú sí mi.

Langley Park, lókè òkun níbí, la ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni Màmí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tọmọdé tàgbà ló máa ń kọ ohun tó ń dùn ún sínú ìwé pélébé, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lábẹ́, wọ́n á sì kà á síta kí gbogbo ìjọ lè gbàdúrà sí i.

Lọ́sẹ̀ yẹn, bùrọ̀dá mi sọ fún Màmí ní kíṣìnì pé ọkùnrin bíi tòun lọkàn òun ń fà sí. Màmí sunkún títí. Ni mo bá kọ ọ́: "Ẹ gbàdúrà kí Màmí má sunkún mọ́, torí bùrọ̀dá mi fẹ́ràn ọkùnrin." Mo rò pé mo ṣe dáadáa ni.

Ìyá ìjọ tó ń ka àwọn ìwé náà ti ka tèmi tán, tòun torúkọ mi, kó tó yé e. Ni gbogbo ìjọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" lé bùrọ̀dá mi lórí.

Nínú mọ́tò, Màmí ní, "Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

Bùrọ̀dá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Màmí, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Kò kúkú ṣi ọ̀rọ̀ kankan kọ."

Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti kó kúrò nílé wa lọ sí ìlú Suitland. Àtìgbà náà, òun àti Màmí ò tíì jókòó pọ̀ jẹun.

Ní báyìí, èmi náà ti bímọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, a ó fi ọmọ mi fún Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kan náà. Bùrọ̀dá mi ní òun ń bọ̀, òun àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé. Láyé ìgbà yẹn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Lónìí, ó ti di ọ̀rọ̀ ìbò. Pásítọ̀ ń pariwo rẹ̀ lórí pẹpẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ bùrọ̀dá mi náà ń bi í pé kí ló ń wá lọ sáàárín àwọn tó ń dìbò lòdì sí i. Mo fẹ́ràn ṣọ́ọ̀ṣì mi o, mi ò ní purọ́. Mo fẹ́ràn bùrọ̀dá mi náà.

Màmí ti kọ́kọ́ ní bí wọ́n bá wọlé, òun á jáde. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ó pè mí. Ó ní, "Ẹni tó ń bá a bọ̀ yẹn, ṣé ó lè jẹ ata?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Bi bùrọ̀dá ẹ, kí n lè mọ bí mo ṣe máa se ọbẹ̀."

Ayé ti yí díẹ̀, mo gbà. Nígbà èwe mi, kò sẹ́ni tó jẹ́ bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nílé wa. Mo ti ń pe bùrọ̀dá mi látàárọ̀, kò tíì gbé fóònù. Bó bá ní òun ò wá mọ́ ńkọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún Màmí?