Jíìpù Iwájú Ṣọ́ọ̀ṣì

Nígbà tí ọkọ mi wà láyé, jíìpù dúdú la máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Dallas níbí. Bí ọ́ṣà ṣọ́ọ̀ṣì tó ń júwe ibi ìgbọ́kọ̀sí fáwọn onímọ́tò bá ti rí wa lókèèrè, á sáré gbé kóònù tí wọ́n fi dí àyè ìgbọ́kọ̀sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kúrò: "Ẹ káàárọ̀, mà!"

Ọkọ mi kú, mo ta jíìpù, mo wá ń gbé mọ́tò kékeré kan tó ti gbó. Ọ́ṣà kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ júwe ẹ̀yìn fún mi, níbi tí wọ́n ń da pàǹtí sí. Kì í tilẹ̀ wo ojú mi. Àbí mọ́tò ni Jésù wá kú fún ni?

Mo rojọ́ náà fún aládùúgbò mi, ọmọ orílẹ̀-èdè Dominican Republic tó máa ń fọ jíìpù rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn náà, mọ́tò ni wọ́n ń kí, kì í ṣe èèyàn. Ló bá yá mi ní jíìpù rẹ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde.

Ọ́ṣà sáré gbé kóònù. Ó tẹríba, ó rẹ́rìn-ín: "Mọ́mì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ibo lẹ wà látọjọ́ yìí?"

Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, mi ò pa Sọ́ńdè kan ṣoṣo jẹ.