Ìlà Gígùn Tí Wọn Kò Kà

Kí ìbọn tó gba ìgboro Maiduguri kan, nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Baga Road, kí n máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí nípa ìbò tí wọ́n jí, ti gómìnà lẹ máa ń fẹ́ gbọ́. Èyí tó ń bí mi nínú títí di òní, ti àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó ìbò dì ni.

Ohun tí àwọn ọmọ yẹn ń ṣe kò le rárá. Igi dógóyárò kan wà lẹ́yìn kíláàsì wọn. Nígbà ìsinmi, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo á lọ jókòó síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn á sì lọ jókòó tì í. Kò gbọdọ̀ bi í ní nǹkan kan, àfi bí ẹni náà bá kọ́kọ́ lanu. Ohun tó bá sì sọ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Àgbàlagbà kankan kọ́ ló kọ́ wọn.

Rónkẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ sójà ni, bárékè ni wọ́n bí i sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Bíntù, ọmọ àdúgbò Shehuri, wà ní kíláàsì kejì; nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní kó wá máa tajà ní ṣọ́ọ̀bù òun. Rónkẹ́ ló lọ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi padà, abẹ́ igi yẹn ló sì mú un dúró.

Ni àwọn olùkọ́ bá gbọ́. Igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ní nǹkan tó dára ni, ṣùgbọ́n kí àwọn pírífẹ́ẹ̀tì máa darí rẹ̀. Àwọn pírífẹ́ẹ̀tì tó ń mú pàṣán kiri! Àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ yan olórí tiwọn. Ó gbà, ó ní kí oníkálukú tò sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́.

Ìlà Rónkẹ́ dé ẹnu géètì. Èyí tó wà lẹ́yìn olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, pírífẹ́ẹ̀tì tí igbákejì fẹ́, kò ju ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Igbákejì wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní: “Kíláàsì kìíní sí ìkẹta, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọdé ni yín, a ò ní kà yín.”

Mo sáré bá a. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn gan-an ló nílò rẹ̀ jù.”

“Bọ́lá, ṣé ọmọ kékeré ni yóò yan ẹni tí yóò máa gbọ́ àṣírí?”

“Àṣírí tiwọn ni, sà.”

“Bí nǹkan bá ń ṣe wọ́n, ó yẹ kí n gbọ́. Ẹni tí mo bá yan á máa wá jábọ̀ fún mi.”

Àwọn tó wà níwájú gbọ́. Kò sẹ́ni tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n jókòó sórí iyanrìn ní ìlà tí wọ́n tò sí, nínú oòrùn Maiduguri tí ẹ mọ̀ yẹn. Rónkẹ́ ní: “Anti, wallahi a ò ní dìde.” Wọn ò dìde lóòótọ́, àfìgbà tí ọ̀gá àgbà jáde wá bẹ̀ wọ́n, tó ní òun á tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò.

Ohun tó gbé yẹ̀ wò ni pé wọ́n kun yàrá kan, wọ́n kó àga sí i, wọ́n fi olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin síbẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó sábẹ́ igi mọ́. Ní yunifásítì, àwọn ẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní a borí.

Ọmọkùnrin kan wọ yàrá náà, ó sọ pé bàbá òun ń lu ìyá òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, igbákejì dárúkọ ọmọ náà níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ó ní kí a jọ fi àdúrà ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Inú rere ló fi ṣe é, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ọmọ kankan kò wọ ibẹ̀ mọ́. Bíntù náà kò sì wá mọ́.

Èmi àti Rónkẹ́ lọ bá a ní Shehuri. Ó ń wọn ṣúgà fún oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó padà, pé wọ́n ti fún wa ní yàrá.

“To,” ni Bíntù fi Hausa wí, pé ó dáa. “Ta ló wà nínú rẹ̀?”

Rónkẹ́ wolẹ̀. Bíntù bá kọjú sí ṣúgà rẹ̀.

Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. A gba yàrá, a pàdánù Bíntù, ìbò àwọn ọmọ yẹn sì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà. Mo gbọ́ pé Bíntù ti bímọ, pé ọmọ náà ti wọ girama. Bí ẹkún bá gbọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan ní kíláàsì, ta ni yóò jókòó tì í? Ẹ má sọ fún mi pé yàrá wà.