Ọmọ Tí A Kò Lè Gbá Mọ́ra

Mo rántí ìgbà tí ìyá ọkọ mi ti Ìbàdàn dé sí fúláàtì wa ní Largo lókè òkun láti wá wẹ ọmọ wa àkọ́bí. Kànrìnkàn, ọṣẹ dúdú àti òrí ló kún báàgì wọn. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì rò pé kò sí ohun tí ara ènìyàn lè ṣe tó máa yà mí lẹ́nu. Nígbà tí mo rí ìléròrò kékeré kan ní ọrùn ọwọ́ ọmọ náà, mo ní ẹnu ló fi ń fa ibẹ̀ mu. Ọ̀gá ni mo ka ara mi sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n gbé ọmọ lé e, wọ́n ń fi kànrìnkàn wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń nà án lápá lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ti ṣe fún gbogbo ọmọ wọn. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni wọ́n ń wí. Lójijì ni ọmọ figbe ta. Awọ apá rẹ̀ ti bó mọ́ Màmá lọ́wọ́.

Dókítà ló là á yé wa. Ó ní awọ ènìyàn dà bí ògiri, sẹ́ẹ̀lì ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Èròjà tó yẹ kó so wọ́n pọ̀ bíi sìmẹ́ńtì ni kò sí lára ọmọ wa. Èmi àti ọkọ mi la jọ bí àìsàn náà mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara tiwa dá ṣáká. Kò sì sí oògùn rẹ̀. Màmá ń sunkún pé àwọn ló ṣe ọmọ léṣe.

"Ẹ̀yin kọ́, Mà. Inú ẹ̀jẹ̀ èmi àti ọmọ yín ló ti wá."

"Ṣé ọmọ mi ló wá jẹ̀bi ni?"

"Rárá o, Mà. Dókítà ní it's nobody's fault, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi."

"Ta la wá fẹ́ bínú sí báyìí?"

Láti ọjọ́ náà, tìmùtìmù la fi ń gbé e. Bó bá ń ké, ọwọ́ mi á nà sí i, màá tún ká a kò. Bí mo bá ń pààrọ̀ bándéèjì rẹ̀, èmi tí mò ń tọ́jú rẹ̀ náà ni mò ń dá a lóró. Ó dùn mí wọra.

Kò pé ọdún kan tó fi dákẹ́ ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ yọ gbogbo wáyà kúrò lára rẹ̀, ó ní mo lè gbá a mọ́ra wàyí, kò ní dùn ún mọ́. Mo gbá a mọ́ra.

Ó ti pẹ́. Ìlú Bowie, nítòsí Largo, la ń gbé báyìí. Bí mo bá rí abiyamọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kì í jowú rẹ̀. Mo kàn máa ń wo apá rẹ̀ ni, bó ṣe ń fún ọmọ mọ́ àyà láìbẹ̀rù ohunkóhun.